Ohun Tí Ń Jẹun Tí Kì Í Ṣiṣẹ́

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín yín tán pátápátá. Bámgbàlà, ìwọ ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé jó, tí o gbéyàwó lọ́dún èṣí tí o wá rò pé o ti dàgbà, ìwọ ni mo ń bá wí. O ní ọdẹ tí kò níbọn dà bí alágbẹ̀dẹ tí kò ní ẹwìrì. O sọ ọ́ tán, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pàtẹ́wọ́ fún ọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ bu ẹmu sí ahá mi kí ó kún, kí ẹ sì sún mọ́ mi, torí ohùn mi kò lọ sókè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Èmi Ọdẹ́gbèmí, tí mo ti wo ẹfọ̀n lójú tí ẹfọ̀n fi yà fún mi lọ́nà, tí ọ̀yà ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má jáde, bàbá yẹn ń bọ̀, èmi náà lẹ wá ń pè ní ọdẹ aláìníbọn! Láti ìgbà tí a ti tẹ ibí yìí dó, n kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni. Lónìí ni n ó sọ ọ́, nítorí ẹnu rẹ ló fà á, Bámgbàlà. Bí o bá gbọ́ ọ tán tí o ṣì fẹ́ rẹ́rìn-ín, máa rín in lọ.

Ìsàgbàdé ni ìlú tí a ti wá. Ìlú kì í tú lọ́jọ́ kan, ẹ̀yin èèyàn mi. Òjò ló kọ́kọ́ kọ̀ fún ọdún méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjà wa tí a ń ná ní ọrọọrún di ọjà tí kò ju èèyàn mẹ́wàá lọ. Àwọn oníbodè fi ẹnu ibodè sílẹ̀, wọ́n lọ wá nǹkan tí wọ́n máa jẹ. Àwọn ìjòyè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò máa ṣọ́ àká. Nígbà tó yá, ọba wa gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ́sàn-án gangan, ó ró ìró ayaba, ó fi gèlè bo irùngbọ̀n. Ojú mi yìí ló rí i. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, torí bí ọba bá tiẹ̀ ró ìró, ọba náà ni. Ó ní kí n dìde kíákíá kí n má bàa tú òun fó. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sígbà náà tí àwọn aláṣọ pupa dé. Jàǹdùkú tí kò ní ìlú ni wọ́n, wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń sun àká, wọ́n ń so èèyàn mọ́ ara wọn bí igi ìdáná, wọ́n ń kó wọn lọ.

Mẹ́tàlélógójì ni àwa tí a sá jáde nínú agbo ilé wa. A wọ ihò àpáta tó wà lẹ́yìn àkùrọ̀. Oúnjẹ tí a kó dání kò lè ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Ìbídùn, ìyàwó mi, lóyún oṣù méje sínú. Bàbá Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ, tó jẹ́ àgbà ilé wa, sọ fún wa pé ibì kan ṣoṣo ló kù tí a lè sá lọ: Orí-Ìṣàn, ahoro tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ lódìkejì Igbó Àìwọ̀, níbi tí omi kò ti gbẹ rí. Ta ló mọ ọ̀nà ibẹ̀? Kò sẹ́nì kankan. Fágbèyíró, ọ̀rẹ́ mi, ọdẹ bíi tèmi, ti wọ igbó náà ní oṣù kan ṣáájú ìgbà náà láti wá a, kò sì padà. Ó wá ku èmi nìkan. Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí: bí mo bá padà kí ọjọ́ kẹsàn-án tó pé, gbogbo wa á jọ lọ. Bí n kò bá padà, wọ́n á jáde lọ bá àwọn aláṣọ pupa, kí ebi má bàa pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sínú ihò.

Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Èmi kì í ṣe arọ, ṣùgbọ́n n kò gbọ́n lọ́jọ́ náà. Mo kó ẹrù mi kalẹ̀: ìbọn méjì, idà bàbá mi, ọrun àti apó ọfà, ahá ẹ̀tù ńlá kan, ìgbàdí mẹ́ta, oǹdè tó kún ọrùn mi dé àgbọ̀n, àti ẹ̀wù ọdẹ tí àdó kún ara rẹ̀ wìtìwìtì. Ògúnníran, àbúrò mi tí a jọ mu ọmú kan náà, ń bá mi kó wọn, ó ń kì mí, orí mi sì ń wú. Ìbídùn dúró lórí wa, ó fọwọ́ ti ìbàdí.

“Olówó orí mi,” ó ní, “ṣé ogun lẹ ń lọ jà ni, àbí ilé lẹ ń lọ wá fún wa?”

“Ọdẹ kì í wọgbó lọ́wọ́ òfìfo.”

“Ó dáa. Ẹ gbé e kọ́ ara. Ẹ sáré dé ìdí ìrókò yẹn, kí ẹ sáré padà wá.”

Mo gbé e. Mo sáré bí ìgalà dé ìdí ìrókò náà, mo sì... ṣé kí n máa purọ́ fún yín ni? N kò dé ìdàjì ọ̀nà. Idà kọ́ mi lẹ́sẹ̀, ìbọn kejì gbá mi létí, mo sì ṣubú lulẹ̀ gbì lójú àwọn àna mi. Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó ti ẹrù náà, ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan náà ló sì ń bi mí: “Èyí ńkọ́? Bí ẹ kò bá rí ẹran, bí ẹ kò bá rí ọ̀tá, kí ló máa ṣe fún yín?” Èyí tí mo bá ti ń kólòlò lórí rẹ̀, ó di ẹ̀gbẹ́ kan. Ó mú àdá kan tó mú dáadáa, ó ní àdá ń ge igi, ó ń wa iṣu, ó ń gbẹ́ ilẹ̀, kò sì ní kí a fún òun ní nǹkan kan. Ó fi okùn sí i, akèrègbè omi, gààrì, ẹran gbígbẹ, iyọ̀, àti òkúta ìṣáná pẹ̀lú òwú nínú ìwo tí a dí lẹ́nu kí omi má bàa kàn án. Lẹ́yìn náà ó bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan sínú ahá kékeré, ó fi ìda dí i.

“Àgbàdo ìgbìn?” mo pariwo. “Nígbà tí ebi ń pa wá?”

“Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ gbìn ín. Nígbà tí a bá dé, kí nǹkan kan ti máa dúró dè wá nílẹ̀.”

Ìbọn nìkan la jà lé lórí títí Bàbá Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ fi dá sí i. Mo búra pé n kò ní í fi Dákẹ́-kí-n-sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ ìbọn mi nìyẹn, kò sì sí ẹran tó gbọ́ ọ tí kì í dákẹ́ lóòótọ́. Ìbídùn gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀tù tó bù fún mi kò ju ti ìgbà mẹ́ta lọ.

Mo gbéra láàárọ̀. Kí oòrùn tó yí, mo ti dé ẹnu Igbó Àìwọ̀. Igi àràbà méjì ló wà níbẹ̀ tí ẹ̀ka wọn kọ́ ara wọn lókè, ọ̀nà sì gba àárín wọn kọjá. Ẹni kan jókòó síbẹ̀. Gíga rẹ̀ kò ju orúnkún mi lọ, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ gùn ju ti àràbà lọ. Ọwọ́ mẹ́rin ló ní: kí n tó sọ pé mo kí yín o, méjì ti tú ẹrù mi palẹ̀, méjì tó kù ti ń dì í padà. Ẹ wò ó, n kì í ṣojo, ṣùgbọ́n gbogbo irun ara mi ló dìde dúró.

“Ìwọ ta ni?” mo bi í.

“Oníbodè igbó yìí ni mí. Ìlú yín tú, àwọn oníbodè yín sá. Tèmi kò tíì tú. Nínú ẹrù rẹ, nǹkan kan wà tí ń ṣiṣẹ́ tí kì í jẹun. Kí ni?”

Mo rò ó díẹ̀. “Àdá ni.”

“Nǹkan kan wà tí a óò sin tí yóò jí.”

“Àgbàdo ni.” Mo ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ṣé àlọ́ ọmọdé lásán nìyí!

“Nǹkan kan wà tí ń jẹun tí kì í ṣiṣẹ́.”

Mo wo ẹrù náà títí, n kò rí i. “Àbí èmi fúnra mi ni?”

“Rárá o, ìwọ ń rìn.” Ó na ọ̀kan nínú àwọn ọwọ́ rẹ̀ sí ìbọn mi. “Ẹ̀tù ni èyí ń jẹ. Láti àárọ̀ ìwọ lò ń gbé e, òun kò gbé ọ. Ohun tí mo ń gbà níbodè nìyẹn.”

Inú bí mi dé góńgó. Èmi, kí n fa ìbọn lé kúkúrú kan lọ́wọ́? Mo fi ìdàjì ẹran lọ̀ ọ́, ó ní òun kì í jẹran. Mo fi iyọ̀ lọ̀ ọ́, ó ní aláboyún ló di iyọ̀ náà, òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. A ṣe é, a ṣe é, títí oòrùn fi kúrò lórí wa. Nígbà tó rí i pé orí mi le ju òkúta lọ, ó dì í padà fún mi.

“Máa gbé e kọjá,” ó ní. “Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nínú igbó mi. Ọjọ́ tó bá sọ̀rọ̀, ó di tèmi, ibi tó máa dùn ọ́ jù ni n ó sì ti gbà á.”

Mo ní mo gbà. Ẹnu ló ń gba nǹkan, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu kì í rò ó.

N kò ní í fi ìrìn mi sú yín. Ọjọ́ kẹta ni mo dé irà kan tí ń pe èèyàn lórúkọ. Ohùn ìyá mi ló fi pè mí, ìyá mi tó ti kú lọ́dún mẹ́wàá ṣáájú. “Ọdẹ́gbèmí, wá jẹun.” Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wọ inú rẹ̀ kí n tó rántí pé òkú kì í se oúnjẹ. Ẹrẹ̀ mu mí dé ìbàdí. Mo kọ́kọ́ fi ìbọn ti ilẹ̀, irà gbé e mì dé ìdí, díẹ̀ ló kù kó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo tú okùn, mo so ó mọ́ àdá, mo jù ú sí àárín ẹ̀ka igi tó wà létí irà. Ó yọ̀. Ẹrẹ̀ dé àyà mi. Mo tún un jù, ó tún yọ̀. Ẹrẹ̀ dé ọrùn mi, ohùn ìyá mi sì ń bẹ̀ mí pé ọbẹ̀ ti ń tutù. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni àdá kọ́ igi, mo sì fi okùn fa ara mi jáde bí ẹni fa gbágùúdá lẹ́ẹ̀rùn. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń dárúkọ Ìbídùn ṣáá.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo dé Orí-Ìṣàn. Odò tí ẹ ń pọn yìí ni mo bá níbí, ó ń ṣàn wọ̀ọ̀, ó mọ́ gaara. Ògiri àtijọ́ ṣì dúró, ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó ti so tí kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Mo sunkún. Kí ló fẹ́ tì mí lójú níbẹ̀? Mo sunkún dáadáa. Mo gbin àgbàdo náà sí etí omi, mo fi àdá ṣá àmì sára igi, mo sì yí padà láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún. Mo gba orí òkè bọ̀ kí n má bàa tún gba ẹ̀gbẹ́ irà.

Ọ̀sán ọjọ́ keje ni mo bá Fágbèyíró pàdé lórí òkè tó sún mọ́ ibodè. Egungun rẹ̀ ni mo bá. Ó jókòó ti ìdí igi. Ìbọn méjì wà lọ́rùn rẹ̀, idà wà nídìí rẹ̀, oǹdè kún ọrùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ kún tèmi. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́: ẹrù ló gbé e ṣubú bó ṣe gbé èmi ṣubú lọ́nà ìdí ìrókò, àmọ́ kò sí ìyàwó tó máa tú u palẹ̀ fún un. N kò rí akèrègbè lára rẹ̀, n kò rí ìṣáná. Ikán ti jẹ ahá ẹ̀tù rẹ̀, ẹ̀tù ti dà mọ́ ilẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ní ń yé olókùú àdá. Fágbèyíró yìí ló pọ̀n mí sẹ́yìn délé lọ́jọ́ tí ẹkùn fà mí léjìká ya. Gbogbo yín mọ òfin ẹgbẹ́ wa: òkú ọdẹ tí a kò bá yìnbọn mẹ́ta fún, kò tíì délé. Mo rántí Oníbodè. Mo rántí rẹ̀ dáadáa, n kò ní í parọ́ pé mo gbàgbé. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọ̀rẹ́ mi tí kò sí mọ́, mo sì ní kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kẹta. Láti orí òkè yẹn mo ń wo àpáta wa lọ́ọ̀ọ́kán, inú mi sì dùn pé ìró ìbọn náà dé ibẹ̀. Òmùgọ̀ ni mí! Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Igbe ni mo gbọ́ nísàlẹ̀. Àwọn aláṣọ pupa mọ́kànlá ń gun òkè bọ̀, ìró ìbọn mi ló júwe fún wọn. Ẹ̀tù kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Kí ni n ó fi ìbọn ṣe? Mo sáré. Lọ́jọ́ yẹn ni mo mọ ìdí tí Ìbídùn fi ní kí n sáré dé ìdí ìrókò, torí ẹrù tó dì fún mi kò gbá mi lẹ́sẹ̀ rárá. Mo sọ̀ kalẹ̀ gbàrà dé ibodè, Oníbodè sì ti na ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀.

“Ó ti sọ̀rọ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń lé mi bọ̀!”

“Lẹ́ẹ̀mẹta ló sọ̀rọ̀. Mú un wá.”

Mo fà á lé e lọ́wọ́. Ó yọ igi ìdí rẹ̀, ó yọ òòlù kékeré tí ń ta iná sí ẹ̀tù, ó kó wọn sábẹ́ òjìji rẹ̀. Ó da irin gígùn inú rẹ̀ padà fún mi. “Ohùn rẹ̀ ni mo gbà,” ó ní. “Gbé ara rẹ̀ lọ fún aya rẹ. Ibi tó máa dùn ọ́ ṣì wà níwájú.” Ó fi ọwọ́ kan tì mí sẹ́yìn àràbà, àwọn aláṣọ pupa sì yọ.

Ìbéèrè kan náà ló bi wọ́n: kí ló wà nínú ẹrù yín tí ń ṣiṣẹ́ tí kì í jẹun? Wọ́n wo ara wọn. Ìbọn ni, idà ni, ẹ̀wọ̀n ni. Wọn kò ní àdá, wọn kò ní irúgbìn, torí oúnjẹ ẹlòmíì ni wọ́n ń jẹ káàkiri. Olórí wọn rẹ́rìn-ín, ó sì yìnbọn fún Oníbodè láyà. Ha! Òjìji gígùn yẹn dìde kúrò nílẹ̀, ọwọ́ tó jáde láti inú rẹ̀ kò lóǹkà, ó ń tú ìbọn wọn palẹ̀ lójú wọn bí ẹni bó ẹ̀pà. Méje nínú wọn sá wọ inú igbó lọ. Mo gbọ́ tí wọ́n ń dá ìyá wọn lóhùn, bí ẹni pé irà ti wá pàdé wọn lọ́nà, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mẹ́rin tó kù sá padà, wọ́n dúró sí ọ̀nà àpáta, n kò sì rí ibi kọjá títí ilẹ̀ fi mọ́ tí wọ́n fi lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ ni mo dé ihò. Ìbídùn ni mo kọ́kọ́ rí. Ó jókòó dí ẹnu ihò pẹ̀lú oyún rẹ̀, àdá wà lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Nígbà tó rí mi, ó ju àdá sílẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

Bàbá Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ ló sọ ọ́ fún mi. Wọ́n gbọ́ ìbọn mẹ́ta lánàá. Ta ni kò mọ ohun tí ìbọn mẹ́ta ń wí? Ọdẹ ti kú. Igbe ta, wọ́n ní kí ni àwọn tún ń dúró dè, kí àwọn jáde kí ebi tó pa ọmọ. Ìbídùn ló bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Ẹ dákẹ́! Ta ló yìn ín? Òkú kì í yìnbọn fún ara rẹ̀. Ì báà jẹ́ Fágbèyíró, ì báà jẹ́ ọkọ mi, ọ̀kan wà láàyè, ẹni tó sì wà láàyè ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la dá. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, kó gba orí èmi àti oyún mi kọjá.” Wọ́n jókòó.

“Ògúnníran ńkọ́?” mo bi wọ́n.

Àbúrò mi kò lè jókòó. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá ti kú, òun kò ní nǹkan tí òun ń fara pamọ́ fún. Ó ní òun á lọ fi ara òun lé àwọn aláṣọ pupa lọ́wọ́, bóyá wọ́n á fún òun ní oúnjẹ tí òun lè fi ránṣẹ́ sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun, torí Ìbídùn ti fi ìpín tirẹ̀ fún àwọn ọmọdé láti ọjọ́ méjì. Ó gba ẹ̀yìn àpáta níbi tí Ìbídùn kò ti lè rí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje ló lọ, èmi dé láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ. Mo wá a títí dé ibi tí mo ti rí ojú ẹsẹ̀ ẹṣin àwọn aláṣọ pupa. Ibẹ̀ ni ipasẹ̀ rẹ̀ parí sí.

Méjìlélógójì la jọ la igbó kọjá. A fi okùn kan náà gba etí irà, Oníbodè kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa, ó kàn ń ka orí wa. Nígbà tó kà wá dé orí ẹni tó kẹ́yìn, ó wo ojú mi. Àgbàdo ti yọ ewé méjì-méjì nígbà tí a dé. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Ìbídùn bímọ ọkùnrin.

Ṣé o ti dákẹ́, Bámgbàlà? Ìwọ ni ọmọ náà. Ìwọ ni ẹni tó wà nínú oyún tí àbúrò mi lọ wá oúnjẹ fún. Irin gbọọrọ tí ìyá rẹ fi ń fẹ́ iná lójoojúmọ́, tí o máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ó ti wọ́, Dákẹ́-kí-n-sọ̀rọ̀ nìyẹn. Wọ́n ti fi ìbọn mẹ́rin lọ̀ mí láti ìgbà náà, n kò gbà. Nígbàkigbà tí ìyá rẹ bá fẹnu sí irin yẹn, mo máa ń yíjú sẹ́yìn wo ojú ọ̀nà, bóyá àbúrò mi ń bọ̀. Gbé ahá yẹn sílẹ̀, ọmọ mi. Lọ gba irin náà lọ́wọ́ ìyá rẹ kí o bá a fẹ́ iná, ó ti ń rẹ̀ ẹ́.